Orí-ò-jorí àti Ìdí-igi ní Peckham

Gbogbo ará ilé wa ló gbà pé Amẹ́ríkà ni mò ń lọ. Ẹ̀bi wọn kọ́. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, orí bí wọ́n ṣe ń yan ààrẹ Amẹ́ríkà ni mo kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi lé, mo sì máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó bi mí àti ẹni tí kò bi mí. Nígbà tí mo wá sọ pé London ni wọ́n fún mi ní físà, àwọn àbúrò màmá mi ṣe bí ẹni pé ibùdókọ̀ kan ni mo dárúkọ, níbi tí èèyàn ti máa ń na ẹsẹ̀ díẹ̀ kó tó dé Amẹ́ríkà. Títí dòní, ọ̀kan nínú wọn ṣì ń béèrè ìgbà tí mo máa kọjá sí ibi tí mò ń lọ.

Ibi tí mò ń lọ ni mo wà. Peckham ni. Mo lè kọ gbólóhùn yẹn báyìí kí n má pa á rẹ́, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí n tó lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. N ó ṣàlàyé, nítorí èmi kì í lè fi nǹkan sílẹ̀ láìṣàlàyé.

Ohun tó kọ́kọ́ já mi láyà níbí kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé n ó máa gbọ́ Yorùbá ní ọ̀tún àti ní òsì, kò sì ní jẹ́ èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo wà nínú bọ́ọ̀sì kan tó ń gba Rye Lane kọjá. Obìnrin kan jókòó níwájú mi, ó ń bá ọkọ rẹ̀ jà lórí fóònù. Ó ń sọ ọ́ sókè, bí ẹni pé òun nìkan ló gbọ́ èdè náà láyé. Ó ní ọkùnrin náà ti sọ ilé di hòtẹ́ẹ̀lì, pé oúnjẹ àti bẹ́ẹ̀dì nìkan ló ń bá a wálé. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí àgbà bá ń bínú lójú rẹ, ńṣe lo máa bẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ síwájú, mo ní kí wọ́n má bínú. Obìnrin náà wò mí bí ẹni tó bá àjèjì nínú yàrá rẹ̀. Ó dìde, ó lọ jókòó sẹ́yìn, ó sì parí ìjà rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Ojú tì mí. Rárá, kì í ṣe ìtìjú nìkan. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn juwọ́ sí ẹnì kan lókèèrè pẹ̀lú ẹ̀rín, tó wá rí i nígbà tí ẹni náà súnmọ́ tòsí pé òun kò mọ̀ ọ́n rí. Kí lo máa fi ọwọ́ tó o gbé sókè ṣe? Mo ti rò pé ìlú tí wọ́n bá ti ń sọ èdè mi yóò mọ̀ mí. Mo wá rí i pé èdè kan náà tí mo fẹ́ fi wọlé ni ẹlòmíràn fi ń ti ilẹ̀kùn.

Iṣẹ́ tí mo rí ni ti ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ilé kan ní East Dulwich. Mo máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ láti Peckham, n ó gba ẹ̀gbẹ́ pápá kọjá, ilé á máa dára sí i, èèyàn tó dà bí mi á sì máa dínkù. Mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń wọ aṣọ fún wọn, mo ń fún wọn lóúnjẹ. Bàbá òyìnbó kan wà níbẹ̀ tó ti jẹ́ olùkọ́ ìṣirò rí. Ó ní kí n máa pe òun ní Harry. Ẹni tó ju bàbá mi lọ, n kò lè pe orúkọ rẹ̀ gbalaja bẹ́ẹ̀. Mo ń pè é ní sà, ó ń bínú pé òun kì í ṣe ọlọ́pàá. Àwa méjèèjì wá fẹnu kò sí Místà Harry, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò tẹ́ èmi náà lọ́rùn, a sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀.

Ọdún ìdìbò Amẹ́ríkà ni ọdún tí mò ń wí yìí. Tẹlifíṣọ̀n kò sọ nǹkan mìíràn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún Místà Harry, ó ń ráhùn sí tẹlifíṣọ̀n pé ìwà òmùgọ̀ gbáà ni kí ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù má wọlé. Ẹnu ń yún mi. Mo ní ọ̀rọ̀ náà ní àlàyé.

Mo sọ fún un pé àwọn ará Amẹ́ríkà kì í ro ìbò ààrẹ pọ̀ sójú kan. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ka tirẹ̀, ó sì ní iye aṣojú tó jẹ́ tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ ńlá ní púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó kéré jù pàápàá kì í ní kéré sí mẹ́ta. Ẹni tó bá borí nínú ìpínlẹ̀ kan, ì báà jẹ́ ìbò kan ló fi borí, òun ni yóò kó gbogbo aṣojú ibẹ̀, àfi ní ìpínlẹ̀ méjì péré tí wọ́n ti ń pín in. Àwọn aṣojú yìí ni ìbò wọn ń sọ ẹni di ààrẹ. Nítorí náà, èèyàn lè kó ìbò jọ bí òkìtì níbi tí wọ́n ti fẹ́ràn rẹ̀, kó wá fi díẹ̀díẹ̀ pàdánù níbi tó kù. Bí wọ́n bá ro gbogbo orí pọ̀, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́. Ẹlòmíràn ni yóò sì gba ipò. Ó ti ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Místà Harry rẹ ohùn tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀. Ó bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ ìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnì kan bi mí ní ohun tí mo kọ́. Mo dá a lóhùn, mo parí ìbọ̀sẹ̀ kejì, mo lọ sí yàrá kékeré tí a ń kó aṣọ ìbùsùn sí, mo sì dá rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Bóyá ẹ̀rín yẹn pọ̀ ju ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ. N kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí òùngbẹ ti gbẹ, ife omi kan kì í ṣe ife omi kan lójú rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni màmá mi máa ń pè. Mo sọ ìtàn Místà Harry fún wọn, mo sì ṣèèṣì pe orúkọ ètò náà bí òyìnbó ṣe ń pè é, electoral college.

"Kọ́lẹ́ẹ̀jì wo nìyẹn?"

"Ti Amẹ́ríkà ni, mà. Àwọn tó ń yan ààrẹ."

"Ṣé o ti gba fọ́ọ̀mù wọn?"

Mo ní kì í ṣe ilé-ìwé. Wọ́n ní kí ló wá dé tí wọ́n ń pè é ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí kì í bá ṣe ilé-ìwé, pé kí n má jẹ́ kí ìtìjú ṣe mí, ẹni tó ń tọ́jú arúgbó láàárọ̀ lè kàwé nírọ̀lẹ́. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti sọ fún gbogbo ẹbí pé mò ń gbìyànjú láti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń yan ààrẹ Amẹ́ríkà, wọ́n sì ti ń gbàdúrà sí i. N kò tún ta kò ó mọ́. Nígbà míràn, àdúrà tí wọ́n gbà sí ọ̀nà tí kò tọ́ pàápàá dára ju kí wọ́n má gbà á lọ. Ṣùgbọ́n bí fóònù bá ti kú tán, yàrá mi a máa dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. N ó máa wo fóònù náà bí ẹni pé ó jẹ mí ní gbólóhùn kan sí i.

Yàrá náà, ti Àǹtí Sìkírá ni. Ọmọ ìlú wa ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ẹbí mi, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ orúkọ àdúgbò tí mo ti wá, wọ́n ní kí n kó ẹrù mi wá. Ilé ìdáná ilé-ìwé ọmọdé kan ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ti pẹ́ ní Peckham débi pé àwọn ọmọ tí wọ́n bu oúnjẹ fún nígbà kan ti ń mú ọmọ tiwọn wá. Ọkọ wọn ti kú kí n tó dé. Bó ṣe kú kọ́ ló ń dùn wọ́n. Bí ìsìnkú rẹ̀ ṣe pẹ́ ni. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọn kì í fi òkú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá náà wà nínú yàrá òtútù ọsibítù láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àìkú, nítorí pé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ló ń bójú tó ìsìnkú, òfin wọn sì ni pé olórí ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wà ní ìrìnàjò. Àǹtí Sìkírá kì í sọ̀rọ̀ nípa ọ̀sẹ̀ yẹn. Wọ́n kàn pinnu pé àwọn máa di alága ẹgbẹ́, kí irú rẹ̀ má ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn mọ́.

Obìnrin kò ṣe alága ẹgbẹ́ wa ní London rí. Bí obìnrin bá ti ní làákàyè jù nínú ẹgbẹ́, wọ́n á fi í jẹ Ìyá Ẹgbẹ́, wọ́n á fún un ní àga ńlá níwájú, wọ́n á sì máa ṣèpàdé lọ láìbi í léèrè. Àǹtí ní àwọn kò fẹ́ àga ńlá.

Ẹ̀ka mẹ́ta ni ẹgbẹ́ náà ní. Peckham pọ̀ jù, wọ́n ní aṣojú mẹ́rin. Deptford ní mẹ́ta. Forest Hill, tí àwọn èèyàn rẹ̀ kò kún inú bọ́ọ̀sì kan, ní méjì. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á dìbò ní ibùjókòó tirẹ̀, ẹni tó bá borí níbẹ̀ á kó aṣojú ibẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. Ohun tí mo fi ọdún kan kà nínú ìwé wà ní pálọ̀ tí mò ń jókòó sí. Ọ̀kan nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ti gbé Amẹ́ríkà rí, òun ló mú un wá, nítorí ẹ̀rù ń ba àwọn ẹ̀ka kékeré pé Peckham máa gbé wọn mì.

Ẹni tó ń bá Àǹtí du ipò ni Alhaji Múfútáù láti Deptford, tó wa ọkọ̀ ojú irin títí tó fi fẹ̀yìn tì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Nígbà tí Àǹtí ń ti ilé dé ilé ní Peckham níbi tí gbogbo èèyàn ti fẹ́ràn wọn tẹ́lẹ̀, Alhaji ń wọ bọ́ọ̀sì lọ kí àwọn ará Forest Hill. Mo sọ fún Àǹtí pé ìbò tó bá pọ̀ jù ní Peckham kò lè ṣàn dé ibòmíràn. Mo tilẹ̀ ya máàpù fún wọn. Wọ́n ní máàpù náà dára, wọ́n sì tún lọ sí ilé kan sí i ní Peckham.

Mo fẹ́ sọ ohun kan nípa ìbò kí n tó dé orí ìdìbò ẹgbẹ́ náà. N kò dìbò rí nílé. Orúkọ mi wà ní ìlú kan, ilé-ìwé mi wà ní ìlú mìíràn, lọ́jọ́ ìdìbò, ọkọ̀ kì í rìn. Ìgbà tí mo dé ìhín ni mo gbọ́ pé òfin wọn gba àwa tó wá láti àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣàkóso rí láyè láti dìbò. N kò gbà á gbọ́. Mo fi orúkọ sílẹ̀, ìwé dé, mo sì lọ sí ilé-ìwé ọmọdé kan ní Ọjọ́bọ̀ kan, kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Pẹ́ńsù ni wọ́n fún wa, wọ́n fi okùn so ó mọ́ tábìlì. Obìnrin tó wo orúkọ mi gbìyànjú láti pè é, ó kọsẹ̀, ó tún un pè, ó sì wò mí láti mọ̀ bóyá òun pè é dáadáa. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú mi dùn débi pé ì bá pe orúkọ ẹlòmíràn, n ó jẹ́ ẹ. Mo jáde, oòrùn wà níta, mo sì rò ó pé bóyá jíjẹ́ ọmọ ibì kan kì í ṣe pé kí wọ́n mọ̀ ọ́ lójú. Bóyá pé wọ́n kà ọ́ mọ́ ni. Mo ti ń wá ẹni tó máa mọ̀ mí láti ìgbà tí mo dé, kò sì yé mi pé kí wọ́n kà mí mọ́ ni mo kọ́kọ́ ń fẹ́.

Àwọn ẹ̀ka dìbò. Ní ọ̀sán Sátidé tó tẹ̀ lé e, gbogbo wa pé sí gbọ̀ngàn kan tí ẹgbẹ́ máa ń gbà lọ́wọ́ kánsù ní Peckham. Akọ̀wé ka èsì. Ní Peckham, Àǹtí Sìkírá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá gbogbo ìbò tán. Ní Deptford, Alhaji fi ìbò mẹ́ta borí. Ní Forest Hill, ó fi méjì borí. Akọ̀wé ní aṣojú mẹ́rin fún Àǹtí, márùn-ún fún Alhaji. Ó sì jókòó kíá, bí ẹni tó ju òkúta sínú ilé agbọ́n.

Àwọn ará Peckham ti ń ro orí pọ̀. Gbogbo ẹni tó dìbò fún Àǹtí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì àwọn tó dìbò fún Alhaji. Bọ̀dá Délé, tó ń wa bọ́ọ̀sì tó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń pariwo bo ẹ́ńjìnnì, dìde.

"Ẹ fi gírámà sílẹ̀. Majority ló ń gba ipò. Fínìṣì."

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbàlagbà kan láti Forest Hill dìde ní ẹ̀yìn, wọ́n rọra di orí àga mú. Wọ́n béèrè pé ṣé nítorí pé àwọn kò pọ̀, ṣé àwọn kò sí náà ni. Ariwo bo gbogbo ilé. Ẹnì kan ní kí Deptford máa dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ ṣe. Ẹlòmíràn ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń retí bẹ́ẹ̀.

Bọ̀dá Délé ló fa orúkọ mi yọ. Ó ní ọmọ ilé Àǹtí wà níkàlẹ̀, ìwé òṣèlú ló kà, Amẹ́ríkà ló fi gba oyè, kí ó dìde kó sọ ẹni tó wọlé. Ó ṣẹ́jú sí mi. Ìtumọ̀ ojú tó ṣẹ́ náà hàn gbangba: ọ̀dọ̀ ẹni tó fún ọ nílé ni kó o wà.

Mo dìde. Mo wo Àǹtí Sìkírá. Wọ́n wọ aṣọ àlàárì, wọ́n káwọ́ lé itan, wọn kò ṣẹ́jú sí mi rárá, ìyẹn ló sì le jù. Bí mo bá ní àwọn ló wọlé, Peckham á hó, Deptford á kúrò, kò sì ní sí ẹgbẹ́ kankan tí wọ́n máa darí. Bí mo bá ní wọn kò wọlé, n ó padà sínú ilé wọn nírọ̀lẹ́ yẹn. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó yé yín pé ẹ̀rù nìkan kọ́. Ohun tí mo mọ̀ ju gbogbo nǹkan tí mo mọ̀ lọ láyé ni wọ́n ń bi mí. Ẹ̀rù lè máa ba èèyàn kó sì dá a lójú.

Mo kọ́kọ́ gbà á láti ibi tí kò dára. Mo ní àwọn aṣojú wọ̀nyí dà bí afọbajẹ. Bàbá kan láti ilé olóyè ìlú wa rẹ́rìn-ín.

"Ta ló dìbò yan afọbajẹ rí, ọ̀mọ̀wé?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, mo sì rí i pé mo ṣì í. Afọbajẹ ń ti ilẹ̀kùn mọ́ra jókòó, wọ́n ń yan ẹni tí wọ́n fẹ́. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo wá rí kò sí nínú ìwé kankan tí mo kà. Inú ilé bàbá mi ló ti wá.

Mo sọ fún wọn pé ìyàwó mẹ́ta ni bàbá mi fẹ́. Ìyàwó àkọ́kọ́ bí mẹ́fà, èkejì bí mẹ́ta, màmá mi bí èmi nìkan. Nígbà tí bàbá mi kú, wọ́n jókòó láti pín ilé rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n pín in ní orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìpín kan, nítorí orí ẹnì kan kò ju ti ẹnì kejì lọ. Àwọn àgbà ní ìdí-igi ni àwọn máa fi pín in, ọ̀dọ̀ ìyá kọ̀ọ̀kan á mú ìpín kan, ì báà bí mẹ́fà, ì báà bí ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni èmi nìkan ṣe mú yàrá tó tó ti ẹni mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n mi kan bi mí lọ́jọ́ náà bóyá èmi nìkan tó àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ṣùgbọ́n inú yàrá yẹn ni màmá mi ń sùn dòní.

Kò sí ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn tí kò mọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà lára ọmọ mẹ́fà, àwọn kan jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo.

"Ní orí-ò-jorí, Àǹtí mi ló borí, kò sì sí àríyànjiyàn," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n ìdí-igi ni a jọ gbà pé a ó fi máa yan alága. A kò lè dúró de ìgbà tí wọ́n bá pín in tán kí a tó yí ọ̀nà ìpín padà. Alhaji ló wọlé."

Mo fẹ́ máa ṣàlàyé lọ. Mo fẹ́ sọ pé kò dùn mọ́ mi, pé òfin lè má dára kó sì jẹ́ òfin, pé a lè yí i padà kí ọdún mìíràn tó dé. Ẹnu mi ti là. Àǹtí Sìkírá gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní kí n dákẹ́, wọ́n sì dìde.

"Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ ilé mi. Mo fìdí rẹmi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ìdí nìkan ló rẹmi. Orí mi wà lókè."

Ẹ̀rín tó sọ nínú gbọ̀ngàn náà, ó mú Bọ̀dá Délé jókòó. Alhaji Múfútáù pàápàá ń fi etí aṣọ nu ojú. Ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí, ó sì fi tọkàntọkàn ní kí ẹgbẹ́ fi wọ́n jẹ Ìyá Ẹgbẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

"Ẹ fi oyè yẹn pamọ́ ná, alága," ni Àǹtí wí. Àwọn ni ẹni àkọ́kọ́ tó pè é bẹ́ẹ̀. Wọ́n yíjú sí mi. "Ọ̀rọ̀ tí kì í bá ṣe ti ipò, tí ẹnì kan bá gbé e kalẹ̀ nínú ìpàdé gbogboogbò, báwo la ṣe ń pín in?"

Nígbà yẹn ni mo mọ̀ pé wọ́n ti ka òfin ẹgbẹ́ jù mí lọ. Mo ní orí-ò-jorí ni. Ọwọ́ nínà.

"Ó dáa. Mo gbé e kalẹ̀."

Wọ́n sọ fún ilé pé ọkọ wọn sùn sí ọsibítù fún odindi ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tó ti kú. Wọn kò gbé ohùn sókè. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan, èyí tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn nínú àwọn mẹ́ta náà, kó dìde, kó lọ, kó má dúró de ìfọwọ́sí ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe fún Mùsùlùmí nìkan, fún onígbàgbọ́ náà ni, nítorí òtútù yàrá yẹn kò mọ ẹ̀sìn. Ọ̀kan láti Peckham, ọ̀kan láti Deptford, ọ̀kan láti Forest Hill. Wọ́n wo ìyá tó wà ní ẹ̀yìn nígbà tí wọ́n ń sọ ìyẹn.

Alhaji ní àwọn olórí ẹ̀ka lè bínú pé wọ́n gbé àwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àǹtí ní kí ó ka ọwọ́. Ó ka ọwọ́. Ìyá Forest Hill ló kọ́kọ́ na tiwọn, wọ́n fi ọwọ́ kejì di orí àga mú. Peckham nà á. Èyí tó pọ̀ nínú Deptford nà á. Alhaji kà títí, ó dúró, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó ti gbé ìwé dání, ó gbé ìwé náà sílẹ̀, ó sì na ọwọ́ yẹn náà. Mo nà tèmi, kì í sì í ṣe nítorí ilé tí mò ń gbé.

Nígbà tí a ń rìn lọ sílé ní Rye Lane, mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi láti sọ ohun tí mo sọ lójú gbogbo èèyàn. Mo ṣàlàyé rẹ̀ láti ìwájú, mo tún ṣàlàyé rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Àǹtí jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n ní Peckham ti yan àwọn fún iṣẹ́ ìsìnkú náà, pé èmi ni n ó máa tẹ̀ lé àwọn lọ sí ọsibítù, nítorí pé ẹni tó lè wo àwọn lójú láàárín ìpàdé kó sọ pé àwọn kò wọlé, dókítà kò lè já a láyà. Mo ní mo ní iṣẹ́ ní East Dulwich. Wọ́n ní àwọn mọ̀.

Ìpè àkọ́kọ́ wọlé nígbà tí òtútù ti mú gidi. Ọkùnrin kan ni, tí a kò mọ̀ rí. Ìyá rẹ̀ ti kú ní kùtùkùtù. A bá a ní ọsibítù, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà ilé lẹ́sẹ̀. Mo bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀, mo gba ìwé, mo sáré lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ òkú sílẹ̀, Àǹtí sì lọ bá àwọn obìnrin tó máa wẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó kírun Alásàrí, a ti sin màmá náà.

Ọkùnrin náà wá bá wa níbi tí a ti ń gbọn erùpẹ̀ kúrò lára bàtà. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí koríko tútù náà. Ó bi Àǹtí Sìkírá bóyá àwọn ni alága ẹgbẹ́, kó lè mọ ẹni tó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Rárá o," ni wọ́n wí, wọ́n fà á dìde. "Alága wà ní Deptford. Àwa la wá."